Bàtà Ìmòòkùn Tó Ń Rùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ewé yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé táǹkì afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ inú omi, yálà ní Stoney Cove ní Leicestershire, lábẹ́ èbúté Swanage ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, tàbí ní Òkun Pupa ní Íjíbítì nígbà ìsinmi. Bàtà tí à ń sọ ni bàtà rírọ̀ oní-neoprene tí à ń wọ̀ kí a tó ti ẹsẹ̀ bọ lẹbẹ. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí: omi tó kù nínú bàtà ni ìyá òórùn. Ẹni tó ń da lọ́fínńdà lé e lórí láì mú omi yẹn kúrò, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Kí ló ń mú bàtà ìmòòkùn rùn gan-an? Ṣé omi òkun ni?

Omi òkun nìkan kọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òórùn náà. Ìdọ̀tí ara wa ni oúnjẹ wọn, omi tó kù nínú bàtà sì ni ilé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe bàtà náà. Neoprene jẹ́ rọ́bà tí iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní 1930. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàtà wa kún fún ihò kéékèèké tí gáàsì wà nínú wọn, tí wọ́n sì dé pa débi pé omi kò lè ráyè wọ̀ wọ́n. Gáàsì yẹn ló ń mú ẹsẹ̀ móoru. Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé kò dìgbà tí ara bá gbẹ kó tó móoru lábẹ́ omi. Bí gáàsì bá ti wà nínú aṣọ, omi ì báà wọlé, ara kò ní tètè tutù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bàtà wa kí omi lè wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ sì wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní gbogbo àsìkò tí a fi wà nísàlẹ̀.

Rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ kì í fa wàhálà. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nínú ni ọ̀rọ̀ wà. Àárín òwú aṣọ yẹn, ojú ìránṣọ, àti abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ bàtà ni omi àti awọ ẹsẹ̀ tó ti kú máa ń lọ fara pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ wa méjèèjì ní nǹkan bí 250,000 ojúhò tí òógùn ń gbà jáde. Òógùn kì í rùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn kòkòrò bíi Staphylococcus epidermidis, tó ń gbé lára gbogbo wa, ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di isovaleric acid, èyí tí imú wa mọ̀ sí òórùn ẹsẹ̀. Òmíràn, Brevibacterium, ń jẹ awọ ẹsẹ̀ tó ti kú. Ìbátan rẹ̀ wà lára wàràkàṣì Limburger tí wọ́n ń jẹ ní Yúróòpù, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní bàtà yín ń rùn bíi wàràkàṣì, kò bú yín, òótọ́ ló sọ.

Ṣé irú òórùn kan náà ni gbogbo rẹ̀?

Rárá o. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ èyí tó wà nínú bàtà yín, torí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Òórùn kíkan, òórùn wàràkàṣì tàbí ti ìbọ̀sẹ̀ àlòjù: ti òógùn àti awọ nìyẹn. Ohun tó ń kan ni, nítorí náà ohun tó lè pa kíkan ló ń bá a jà. Baking soda ni.

Òórùn tó ń ta imú bíi ti ilé ìtọ̀: amóníà ni, láti inú ìtọ̀ tó ti pẹ́. Fínígà ló mọ ọwọ́ rẹ̀.

Òórùn ẹyin tó ti dòbu ni ó ṣòro fún àwọn èèyàn jù láti mọ ibi tó ti wá. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 2.7 sulphate, ọ̀kan lára àwọn iyọ̀ inú òkun, nínú. Bí bàtà tó kún fún omi òkun bá wà nínú báàgì tí a dì pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kò nílò afẹ́fẹ́ láti wà láàyè. Sulphate yẹn ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀, wọ́n á sì tú gáàsì hydrogen sulphide jáde. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn òbu, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: wọ́n di bàtà náà mọ́ báàgì ní tútù, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Òórùn ẹrẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, sábà máa ń wá láti inú adágún àti kòtò omi bíi Stoney Cove. Kò lè ṣe yín ní nǹkan, omi mímọ́ méjì-mẹ́ta á mú un lọ.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: ṣé òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń tọ̀ sínú aṣọ ìmòòkùn?

Òótọ́ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bí a bá wọ inú omi, pàápàá omi tútù, ẹ̀jẹ̀ máa ń kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá sí àyà àti ikùn. Ara á rò pé omi inú òun ti pọ̀ jù, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìtọ̀ jáde. Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe sá fún omi mímu torí rẹ̀, nítorí àìtó omi lára wà lára ohun tí àwọn dókítà ìmòòkùn ń kì wá nílọ̀ lé lórí, pé ó lè dá kún ewu decompression sickness, àìsàn tí gáàsì tó ń hó nínú ara amòòkùn tó bá ń gòkè máa ń fà.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ìtọ̀ ń ṣàn lọ, bàtà ló sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tọ̀, kó fa ọrùn aṣọ àti ọrùn bàtà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde kí omi tútù lè ṣàn gba inú wọn kọjá, kó sì fi omi mímọ́ ṣan bàtà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò á ti sọ ìtọ̀ yẹn di amóníà.

Kí ni kí n ṣe ní kété tí mo bá jáde nínú omi?

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣan ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ ẹ̀yìn torí ibẹ̀ ni iyanrìn wà, wọ́n á sì fi inú sílẹ̀. Inú ló ń rùn! Tí kò bá sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ gbé jálá omi kan sínú ọkọ̀ látilé. Lẹ́yìn náà, báàgì aláṣọ àwọ̀n ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, tàbí garawa tí kò ní ìdérí. Ọ̀rá dúdú tí a fi ń dalẹ̀ nù ni ibi tó burú jù tí ẹ lè kó bàtà tútù sí, ó kúkú jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń lò kí ọkọ̀ wọn má baà tutù.

Bàtà mi ti ń rùn tipẹ́. Báwo ni mo ṣe máa wò ó sàn?

Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀, torí gbígbẹ ló ń gba àkókò jù níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yí bàtà sódì. Ọrùn rẹ̀ á tètè yí, ibi ọmọ ìka ni kì í fẹ́ gbà. Ẹ fi àtàǹpàkò ti imú bàtà láti ìta wọ inú, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ kejì fà á, títí ojú ìránṣọ iwájú á fi yọ síta. Ẹ wo ojú ìránṣọ yẹn dáadáa. Ẹ máa rí nǹkan funfun tàbí eérú-eérú kan tó ń yọ̀, tó dà bí ọṣẹ tó ti rọ̀. Awọ ẹsẹ̀ yín nìyẹn pẹ̀lú àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá mú un kúrò, kò sí oògùn tó máa ràn yín lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù àti ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́, kí òwú má baà já. Bí bàtà bá le jù láti yí sódì torí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣí síìpù rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ sì ti búrọ́ọ̀ṣì náà wọlé dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tí kò gbóná ju 40°C lọ, torí àtè tó so ìtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà kò fẹ́ iná. Fún òórùn kíkan, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta baking soda nínú omi lítà 5, fún wákàtí díẹ̀. Fún òórùn ìtọ̀, ife fínígà funfun kan sí ife omi mẹ́rin, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún òórùn òbu, afẹ́fẹ́ ló ń kọ́kọ́ lé e: ẹ ṣan án, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ tún ṣan án. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi hydrogen peroxide 3% tí wọ́n ń tà nílé oògùn pa á lára nínú, kẹ́ ẹ ṣan án kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè mú kí àwọ̀ bàtà ṣá díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ojú kò tó.

Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ fún un níbi ọmọ ìka. Omi tó máa jáde lákọ̀ọ́kọ́ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ máa rẹ ẹ́ sínú omi mìíràn, ẹ máa fún un, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó fi lè dá èèyàn lójú pé inú bàtà ti mọ́.

Àwọn ohun ìfọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn amòòkùn ńkọ́?

Wọ́n dára, ní pàtàkì àwọn oní-enzyme. Wọn kì í bo òórùn mọ́lẹ̀; ohun tó ń rùn náà ni wọ́n ń tú ká. Bí bàtà bá ti gba ìtọ̀ sára fún oṣù púpọ̀, èmi á fi owó ra èyí kí n tó máa pààrọ̀ fínígà lójoojúmọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, torí a kì í ṣan òmíràn kúrò, ṣe la máa ń jẹ́ kó gbẹ mọ́ bàtà lára. Ẹ má sì ṣe lò ó pọ̀ mọ́ oògùn apakòkòrò, tàbí omi gbígbóná, wọ́n á ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ṣé mo lè da fínígà àti baking soda pọ̀ kó lè tètè ṣiṣẹ́?

Rárá. Á hó, á ru, ojú á sì rò pé iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń pa agbára èkejì. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ tó lo èkejì.

Bleach ńkọ́?

Ẹ má ṣe é. Yálà Jik, Hypo, tàbí èyí tó wà lábẹ́ síńkì yín ní ìlú òyìnbó, chlorine inú rẹ̀ ń mú kí rọ́bà le kó sì máa sán, ó ń jẹ òwú ìránṣọ, ó sì ń mú awọ ẹsẹ̀ yún bí a kò bá ṣan án tán. Milton tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọdé wà nínú ẹbí yìí kan náà, ẹ má rò pé torí ó jẹ́ ti ọmọ ọwọ́ kò lè ba bàtà jẹ́.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: bleach àti fínígà kò gbọdọ̀ pàdé nínú garawa kan náà láé. Gáàsì chlorine ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bleach àti bàtà tí ìtọ̀ wà nínú rẹ̀, torí bleach àti amóníà náà ń mú gáàsì olóró jáde. Nílé ìwẹ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nígbà òtútù, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa dán an wò.

Ṣé mo lè jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ?

Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ náà á máa yí bàtà gbá, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ yín tó.

Mo gbọ́ pé kí n gbé e sínú firísà.

Òtútù kì í pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí, ṣe ló kàn ń mú wọn sùn. Bí bàtà bá ti yọ́, wọ́n á jí.

Báwo ni bàtà ṣe máa gbẹ dénú?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Bàtà milimítà 5 lè gbẹ lẹ́yìn láàárín wákàtí díẹ̀, kí imú rẹ̀ nínú sì ṣì tutù lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ibi ọmọ ìka. Bó bá ṣì tutù bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ.

Inú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ yí i sódì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀, kí omi lè máa kán jáde dípò kó máa ṣàn lọ bá imú bàtà. Ẹsẹ̀ àga tí a dojú rẹ̀ dé tàbí igi méjì tí a rì mọ́ pákó ti tó láti gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà kí ẹ̀yìn náà lè gbẹ. Ẹ tan fáànù sí i. Afẹ́fẹ́ tó ń rìn ló ń gbé omi lọ, kì í ṣe ooru. Ìwé ìròyìn tí a rún pọ̀ tí a kì bọ imú bàtà náà ń ràn wá lọ́wọ́, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi í síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ìwé tútù nínú bàtà tútù, ilé kòkòrò nìyẹn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, redíétọ̀ ni ìdẹkùn. Òtútù ń mú, ilé kún fún ọ̀rinrin, redíétọ̀ sì wà lára ògiri tó ń gbóná. Bí ẹ bá gbé bàtà lé e lórí, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á tú, rọ́bà rẹ̀ á le. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí redíétọ̀ náà, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ọ̀rinrin lè ráyè jáde.

Ẹni tó bá ń ti inú adágún kan bọ́ sí òmíràn tún ní ìdí mìíràn láti jẹ́ kó gbẹ. Ìpolongo Check Clean Dry ní Gẹ̀ẹ́sì ń rọ àwọn tó ń wọ inú omi láti yẹ ohun èlò wọn wò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́, kí ewéko àti ẹran omi àjèjì má baà bá a dé ibòmíràn.

Èkó ni mo wà. Ṣé oòrùn wa kò tó láti gbẹ ẹ́?

Ó tó, ó tún pọ̀ jù. Oòrùn ń jẹ rọ́bà: á ṣá, á le, á sì máa là. Abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba tìhín gba tọ̀hún. Nígbà ọyẹ́, alẹ́ ọjọ́ kan lè tó. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje tí òjò kì í dá, ibòji nìkan kò ní tó, ẹ lo fáànù nígbà tí iná bá wà, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn nígbà tí kò bá sí.

Lórí ọkọ̀ ojú omi ní Òkun Pupa, à ń mòòkùn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bàtà kì í ráyè gbẹ.

Kò ní gbẹ, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ kòkòrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀ yín láàárọ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ lycra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú bàtà, kẹ́ ẹ máa fọ ìbọ̀sẹ̀ náà lálaalẹ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé agbada omi tí gbogbo èèyàn ń ri nǹkan bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ àti òógùn gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ṣáwà tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan bàtà.

Mo ń yá bàtà lò níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ṣé ó léwu?

Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tiyín sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé bàtà tó ń rùn fún yín, ẹ dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kẹ́ ẹ gba òmíràn. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi gan-an ló ń rùn?

Ó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá fọ bàtà títí tí òórùn sì ń padà wá, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí awọ bá ń bó, tó ń yún láàárín ọmọ ìka, ó lè jẹ́ àrùn olú tí wọ́n ń pè ní athlete's foot. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ ní gìgísẹ̀ tàbí lábẹ́ ọmọ ìka, tí òórùn rẹ̀ sì le, ó lè jẹ́ pitted keratolysis, èyí tí kòkòrò bíi Kytococcus sedentarius máa ń fà nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń pẹ́ nínú ọ̀rinrin. Oògùn wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ fi ẹsẹ̀ náà han dókítà tàbí apoògùn. Lásìkò ìtọ́jú, ẹ fọ bàtà náà pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa kó o padà.

Ìgbà wo ni kí n sọ bàtà nù, irú wo ni kí n sì fi rọ́pò rẹ̀?

Bí ẹ bá ti ṣe ìtọ́jú òkè yìí lẹ́ẹ̀mejì tó parí, tí òórùn sì ń yọ gbàrà tí omi bá kàn án, ó ṣeé ṣe kí aṣọ inú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára rọ́bà, kí ìdọ̀tí sì ti wọ àárín wọn níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ẹ jẹ́ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ti fẹ́lẹ́ torí agbára omi ìsàlẹ̀ ti fún ihò gáàsì rẹ̀ pa, torí kò ní mú ẹsẹ̀ móoru mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, mo fẹ́ràn èyí tí síìpù rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ ju èyí tí a kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ ń là gbagada, afẹ́fẹ́ ń ráyè dé imú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì náà sì ń dé ibẹ̀. Ẹ fi ìda oyin pa síìpù náà lára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí iyọ̀ má baà gán an pa.